Kí n tó kọ́ ọkọ̀ ojú irin River kékeré fún Bàbá: ọkọ̀ wo ni kí n rà tú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mò ń gbé. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Loco, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ebúté Mẹ́ta, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní River ni wọ́n sì máa ń dárúkọ jù nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe. Mo fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ kékeré fún wọn, èyí tó máa rìn lórí irin. Mo wá a títí, mi ò rí iléeṣẹ́ tó ń ṣe é tà. Ẹnì kan ní kí n ra ọkọ̀ mìíràn, kí n tú u, kí n fi ara rẹ̀ kọ́ tèmi. Èwo ni kí n rà, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ bá mi kí Bàbá púpọ̀.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó máa ń da iṣẹ́ yìí rú mọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ni pé bọ́ílà àti ilé awakọ̀ ni ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ sí. Wọ́n á rí ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á sanwó, ìgbà tí wọ́n bá tú u tán ni wọ́n á tó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a mu. Òkè ṣeé gé, ó ṣeé lẹ̀, ó ṣeé fi ike tàbí idẹ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló le: ẹsẹ̀ ọkọ̀, mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí i, jíà, àti àwọn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ìsàlẹ̀ la máa ń rà, òkè la máa ń kọ́.

River jẹ́ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní 2-8-2: ẹsẹ̀ kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows, tí kò jìnnà sí yín rárá, wà lára àwọn tó kọ́ wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Irin tí wọ́n ń rìn lé lórí ní Nàìjíríà fẹ̀ ní 1,067 mm, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1,435 mm. Ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ ìwọ̀n tí ẹ máa kọ́ ọkọ̀ yín sí.

Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà fẹ̀ ní 16.5 mm. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ọkọ̀ 1:76 (ìyẹn ni pé 1 mm lára rẹ̀ dúró fún 76 mm lára ọkọ̀ gidi) ni wọ́n ń gbé sórí rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní OO. Ẹ fi 16.5 lọ́nà 76, ó di 1,254 mm. Tí ẹ bá kọ́ River sí ìwọ̀n yẹn, á ya ẹsẹ̀ gbàgàdà, Bàbá á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi 16.5 lọ́nà 64, ó di 1,056 mm: mìlímítà mọ́kànlá péré ló kù kó pé. Àwọn ará New Zealand àti Queensland, tí irin tiwọn náà jẹ́ 1,067 mm, ti ń kọ́ ọkọ̀ wọn sí 1:64 lórí irin 16.5 tipẹ́, Sn3½ ni wọ́n ń pè é. Tí àyè ilé yín bá há, 1:120 lórí irin 9 mm, èyí tí wọ́n ń pè ní N, náà dáa: ó jẹ́ 1,080 mm. Èmi fara mọ́ 1:64 fún yín, torí àgbàlagbà ló máa gbé e lọ́wọ́ wò, páìpù inú 1:120 á kéré jù fún ojú wọn.

Ó wá kan ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ náà. Ká fi ẹsẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, 1,219 mm, ṣe ìṣirò. Tí àwòrán tí ẹ bá rí bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò. Ẹ fi 64 pín in, ó di 19 mm. Ẹsẹ̀ 19 mm ni kí ẹ máa wá nìyẹn, ẹ má wo orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí.

Ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín ní UK ni 8F, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìwọ̀n OO. Ẹsẹ̀ 8F gidi ga ní 1,435 mm, ní 1:76 ó súnmọ́ 19 mm gan-an. Ó dà bíi pé wàhálà ti parí, àmọ́ ẹ wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe jìnnà síra. Láàárín ẹsẹ̀ kẹta àti ìkẹrin 8F, alafo ibẹ̀ gùn ju ti àwọn tó kù lọ: 25 mm ni láti àárín ẹsẹ̀ kan sí àárín èkejì. Ẹsẹ̀ River nínú àwòrán sún mọ́ra, wọ́n sì tò dọ́gba. Alafo yẹn á máa pariwo lábẹ́ bọ́ílà yín, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi bò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 8F jẹ́ 2-8-0, kò ní ẹsẹ̀ kékeré lẹ́yìn.

Èyí tí mo máa ní kí ẹ rà ni Mikado ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní USRA Light, ní HO, ìyẹn 1:87. 2-8-2 lòun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gidi jẹ́ íǹṣì 63, ní HO ó di 18.4 mm. Lábẹ́ ọkọ̀ 1:64, á dúró fún ẹsẹ̀ tó ga ní 1,176 mm, kò sì sẹ́ni tó máa rí ìyàtọ̀ yẹn. Láti àárín ẹsẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ dé ti ìkẹrin jẹ́ 58.6 mm. Ẹ fi 64 pín iye tó wà nínú àwòrán River yín, kí ẹ fi wé e. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ò bá ju 2 mm lọ, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Tó bá tó 4 mm, ẹ gbé ilé awakọ̀ sún síwájú tàbí sẹ́yìn títí ojú yín á fi gbà á. Bachmann àti Broadway Limited ti ṣe Mikado yìí tà, àlòkù rẹ̀ kì í wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi fọ́tò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣásí wọn sábà máa ń jẹ́ síǹkì tí wọ́n dà. Tí òjé bá wọnú síǹkì náà nígbà tí wọ́n ń dà á, bó ti wù kó pẹ́ tó, á wú, á sán, á máa rún bíi bísíkíìtì. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tó kí ẹ fi rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá lọ. Kò ní oògùn.

Nípa àwòrán, Mitchell Library ní Glasgow ní ìwé North British, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin nígbà náà, National Railway Museum ní York sì ní àwòrán ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lọ. Orí àwòrán River ni wọ́n gbé ẹ̀yà 29 ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kà, ọ̀kan lára wọn sì wà ní ilé àkójọ ọkọ̀ ojú irin ní Nairobi, èyí tí àwọn èèyàn ti ya fọ́tò rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Jaekel House, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ọkọ̀ ojú irin ní Ebúté Mẹ́ta, náà ní fọ́tò àtijọ́. Tí ẹ bá rí fọ́tò kan tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, ó tó yín: ẹ ti mọ gíga ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi rúlà wọn ẹsẹ̀ yẹn lórí fọ́tò, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ohun tó kù. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ fọ́tò náà jáde fún Bàbá, kí ẹ fún wọn ní bírò pupa. Wọ́n á fi hàn yín ibi tí páìpù gbà àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú rí. Kò sí ìwé tó máa sọ ìyẹn.

Bọ́ílà kò ní yọ yín lẹ́nu. Bọ́ílà tí ìta rẹ̀ fẹ̀ ní 1,600 mm á di 25 mm, páìpù ike tí àwọn oníṣẹ́ iná ń fi wáyà sí ní ìwọ̀n 25 mm. Ẹ kọ́kọ́ wọn bí mọ́tọ̀ ṣe ga sókè lórí ṣásí, kí ẹ gé ikùn páìpù náà kó lè jókòó lé e. Ilé awakọ̀, ẹ fi ike pẹlẹbẹ ṣe é. Sìlíńdà Mikado á tẹ́ẹ́rẹ́ jù lábẹ́ ọkọ̀ 1:64, ẹ lẹ ike mọ́ ìta rẹ̀ kó sanra, ẹ má ṣe sún un kúrò nípò rẹ̀, torí ọ̀pá tó ń wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà. Ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń kó èédú àti omi náà, ẹ kọ́ òkè rẹ̀ tuntun, ẹ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ló ti sábà máa ń mú iná láti ara irin.

Ike fúyẹ́, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ tó bá fẹ́ fa ọkọ̀ mìíràn. Òjé la máa ń kó sínú bọ́ílà, kí ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ ńlá kejì àti ìkẹta. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò kò gbọ́dọ̀ kan òjé yẹn o. Àwọn méjèèjì máa ń bára wọn jà, òjé á di ìyẹ̀fun funfun, á wú, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á la bọ́ílà yín sí méjì. Epoxy ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó kan ọ̀dà rárá, ẹ jẹ́ kó rìn lórí ibi tí irin ti tẹ̀ jù nínú ilé yín, lọ síwájú, padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kékeré iwájú lè máa gbá ẹ̀yìn sìlíńdà tí ẹ fi ike kún yẹn. Tó bá ń gbá a, ẹ fi fáìlì ha inú ike náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi kọjá. Àwọ̀ rẹ̀ àti orúkọ odò tí ẹ máa kọ sí i lára, ọ̀dọ̀ Bàbá ni kí ẹ ti gbà á.