Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣé iṣẹ́ lọ́yà ló yẹ ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Fèyí. Tèmi ti pé ọmọ ọdún 17, ó sì gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò kà ní yunifásítì láìpẹ́. Láti kékeré ni bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ti ń pè é ní lọ́yà, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kó borí. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ ni, àbí òun kàn ń bẹ̀rù kí inú bàbá àgbà má bàjẹ́. A ń lọ sílé ní oṣù Kẹjọ. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Tèmi, Manchester)

Ìdáhùn: Ìyá Tèmi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe bàbá. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun dà bí Olóyè Afẹ Babalọlá ti Adó, tàbí Olóyè Wọlé Ọlánípẹ̀kun tó jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yín gan-an? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Bàbá Babalọlá ṣe dé ibẹ̀. Wọn ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n dá ìwé kà fúnra wọn, wọ́n gba oyè ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ti Yunifásítì London kí wọ́n tó yà sí òfin, wọ́n sì di agbẹjọ́rò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Ìwé kíkà ló gbé wọn débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò lára Tèmi nìyẹn. Ṣé ó lè jókòó ti ìwé àdéhùn gígùn kan dé òpin, kó tún padà sí ojú ìwé kejì nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yí ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ padà? Àwọn baba wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tó gbàgbọ́ dọ́kàn, kí ẹ ní kó gbè sẹ́yìn ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí i, mo fẹ́ràn ìyẹn ju iyàn jíjà lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin náà ẹ pe bàbá lórí fóònù kí ẹ tó wọ bàálù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Wọn yóò gbọ́.

Ní ti oṣù Kẹjọ, àwọn ilé ẹjọ́ gíga sábà máa ń wà lẹ́nu ìsinmi ọdọọdún nígbà náà, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ óò rí ẹjọ́ púpọ̀ wò ní Adó. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ni kí ẹ wá fún un. Kó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó rí bí wọ́n ṣe ń to ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ àti ogún, bí wọ́n ṣe ń wá rìsíìtì àtijọ́ àti ìwé ìwọ̀n ilẹ̀, bí oníbàárà ṣe ń sunkún síwájú wọn. Ẹjọ́ fúnra rẹ̀, kó lọ wò ó ní Crown Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, ní Manchester níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ènìyàn ló sì lè wọlé.

Kò sì pọn dandan kó pinnu báyìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ka ìtàn tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè yà sí òfin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Láti 2021 ni ẹni tó fẹ́ di solicitor, ìyẹn lọ́yà tó ń gba oníbàárà nímọ̀ràn tó sì ń kọ ìwé òfin, ti ń ṣe SQE, ìdánwò àṣewọlé sínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́. Ti barrister, ìyẹn lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, le jù, nítorí pupillage, àyè ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ barrister àgbà, ṣòro rí gbà.

Bó bá jẹ́ pé ilé ló ti fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ yí padà. Oyè òfin fúnra rẹ̀ ni wọn yóò béèrè, ẹni tó bá sì gbà á lókè òkun yóò kọ́kọ́ ṣe Bar Part I, ẹ̀kọ́ òfin Nàìjíríà fún àwọn tó kàwé lókè òkun, ní Nigerian Law School kó tó ṣe Bar Part II, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ wo àwọn kọ́ọ̀sì tí Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń darí Nigerian Law School, là sílẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé ìwé kankan.