Berlin €65,000 àbí Amsterdam €62,000: ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ mọ ibi tí owó á ti ṣẹ́ kù

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní iléeṣẹ́ kan ní Berlin fẹ́ máa san €65,000 fún ọ lọ́dún, òmíràn ní Amsterdam ní €62,000 ni agbára àwọn mọ. Ọmọ ọdún 31 ni ọ́, iṣẹ́ sọ́fítíwíà lo ń ṣe, ìyàwó rẹ àti ọmọ ọdún méjì yín á ṣì wà n'Ìbàdàn ná. O fẹ́ mọ ibi tí owó á ti ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́ jù. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ní Berlin ni, torí pé 65 ju 62 lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, torí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn kí n tó wá sí Jámánì.

Owó inú lẹ́tà kọ́ ni owó inú báǹkì. Ní Jámánì, kí owó oṣù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, wọ́n á ti yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì (ìdá 9.3 nínú 100), owó àìríṣẹ́ṣe (1.3), owó ìlera àti owó ìtọ́jú arúgbó. Ẹni tí wọ́n kà sí àpọ́n, nǹkan bíi €3,300 ló máa ń kù fún un lóṣù nínú €65,000. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò sì tíì ríṣẹ́, ó lè gbé bíi €3,750 lọ sílé. Kíláàsì owó orí ló fa ìyàtọ̀ yẹn: àpọ́n wà ní kíláàsì kìíní, ẹni tó láya lè wọ kíláàsì kẹta.

Ṣùgbọ́n ìyàwó tó wà n'Ìbàdàn kì í ṣe ìyàwó lójú àwọn olówó orí. Jọ̀ọ́, tẹ́tí sí èyí dáadáa. Mo mú ìwé ìgbéyàwó wa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Obìnrin tó dá mi lóhùn yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní ìyàwó tí kò gbé ní Yúróòpù kò lè yí kíláàsì mi padà, ó sì pe ẹni tó tẹ̀ lé mi. Òótọ́ ni lábẹ́ òfin wọn. Ohun tí mi ò dárí jì í fún un ni pé kò sọ ìdajì òfin náà tó kù fún mi, màá dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ń san owó ilé méjì nìyẹn, mò ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, wọ́n sì ń gba owó orí àpọ́n lọ́wọ́ mi.

O lè ní kí ìyàwó tètè wá. Ẹ́ḿbásì Jámánì kì í fi òǹtẹ̀ lu ìwé Nàìjíríà kó parí síbẹ̀. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n ṣèwádìí ìwé náà níbi tó ti wá, ẹ̀yin lẹ ó sì san owó ìwádìí, oṣù á sì máa gorí oṣù. Ẹni tó wá ṣèwádìí tiwa dé ilé bàbá ìyàwó mi. Ó bi àwọn aládùúgbò léèrè, ó bi ìyá àgbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nípa oṣù tí wọ́n bí ọmọ ọmọ wọn. Màmá dárúkọ oṣù mìíràn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fáìlì wa sì dúró. Wọ́n ní ká mú ìwé mìíràn wá, a mú un wá. Wọ́n ní ká dúró, a dúró. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nígbà tó ń rákò, orí fóònù ni mo ti rí i tó ń rìn. Mo kọ lẹ́tà títí, èsì kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, gbólóhùn kan ò yàtọ̀. Nítorí náà, ìwé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ni kí o wá, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó. Kí orúkọ ìyàwó rẹ bára mu lórí ìwé ìbí, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Kí o sì jókòó ti àwọn àgbà ilé lórí ọjọ́ ìbí. Mi ò ní kí ẹ purọ́ o, kí ẹnu kò lórí òótọ́ ni.

Nọ́fẹ́ńbà ni ìyàwó mi tó dé. Mo sanwó fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n owó orí, ó ní kíláàsì mi á yí padà, pé owó tó ti lọ ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ìdajì òfin tó kù nìyí: bí ìyàwó bá ti dé, tí ẹ jọ ń gbé níbẹ̀ kí ọdún tó parí, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan péré, ẹ lè jọ kọ ìwé owó orí gbogbo ọdún náà pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya. Ará Gánà kan níbi iṣẹ́ ló là mí lójú. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ lórí ELSTER, ìkànnì owó orí ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì dá owó padà fún mi. Owó tí ìyàwó rẹ pa ní Nàìjíríà lọ́dún náà, kọ ọ́ sí i. Nítorí náà, tó bá jẹ́ Berlin lo lọ, tí físà wọn sì bọ́ sí ìparí ọdún, má jẹ́ kí wọ́n dúró ṣọdún Kérésì nílé kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Jánúárì.

Níbi ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́sì, wọ́n á béèrè ẹ̀sìn rẹ. Bí o bá kọ Kátólíìkì tàbí Ẹfanjẹ́líìkà, ìdá 9 nínú 100 owó orí rẹ á tún gorí rẹ̀ ní Berlin fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ san án, kó san án, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun ń san án. Owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, €18.36 lóṣù, kò ṣeé sá fún. Onílé lè gba owó ìdúró tó tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Má sanwó ilé tí o kò fojú rí fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó yá, Amsterdam. Òfin kan wà ní Nẹ́dálándì tí gbogbo èèyàn ń pè ní 30% ruling. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti òkè òkun, wọn ò ní gba owó orí lórí apá kan owó rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó lè tó ìdá 30 nínú 100. Láti 2027 á di 27. Ohun tí àwọn tó ń pariwo rẹ̀ kì í sọ ni pé owó tó kù tí wọ́n á gba owó orí lé kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju iye kan lọ, €46,660 ni ní 2025. Ìdá 70 nínú €62,000 jẹ́ €43,400, kò tó o. Torí náà, bí a bá fi iye ti 2025 yẹn ṣírò, €15,340 ni wọn ì bá fojú fò fún ọ, kì í ṣe €18,600. Ẹni tí kò tíì pé 30 tó ní máásítà, iye tiẹ̀ kéré sí i, ìwọ ti kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kó ju €4,000 lọ tó máa wọlé lóṣù; láìsí òfin náà, bíi €3,700. Ìwọ fúnra rẹ lo máa san owó ìlera nínú rẹ̀, bíi €150 lóṣù fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ àti iléeṣẹ́ lẹ jọ máa béèrè fún un, láàárín oṣù mẹ́rin tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó oṣù àkọ́kọ́ ti lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o kọ́kọ́ lọ fi Cologne tàbí Brussels ṣe ibùsọ̀. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ààlà wọn, tí kò tó kìlómítà 150, fún ìgbà pípẹ́ kó tó gba iṣẹ́, kò ní rí i gbà.

Ẹni tó ní kí o gbàgbé méjèèjì kí o wá sí London, kó ṣírò èyí: owó ìlera físà jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé. Ẹ̀yin mẹ́ta fún ọdún márùn-ún jẹ́ £14,230, ìṣáájú ni wọ́n sì máa ń gbà á, àyàfi tí iléeṣẹ́ bá gbà láti san án. Owó físà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Lójú tèmi, Amsterdam ló máa ṣẹ́ owó kù jù níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì dá wà, bí ilé kò bá gbé e mì, torí ilé ibẹ̀ wọ́n gan-an. Wo Almere pẹ̀lú, ìlú kan nítòsí Amsterdam. Bí ìyàwó àti ọmọ bá dé, ọ̀rọ̀ lè yí. Ilé ìtọ́jú ọmọdé jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Berlin yàtọ̀ sí owó oúnjẹ díẹ̀, ìjọba Jámánì sì san €255 lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 2025; ti Nẹ́dálándì kò tó ìdajì ìyẹn. Níbẹ̀, bí ìyàwó rẹ kò bá ṣiṣẹ́ tàbí kàwé, ìjọba kò ní bá yín san owó ilé ìtọ́jú ọmọ, owó náà sì pọ̀.

Kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, bi iléeṣẹ́ Amsterdam bóyá wọ́n á bá ọ béèrè fún òfin 30% yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Kí o sì bi wọ́n bóyá owó ìsinmi ìdá 8 nínú 100 tí wọ́n máa ń san ní oṣù Karùn-ún wà nínú €62,000 náà, àbí orí rẹ̀ ni wọ́n á fi kún un. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ ni, nǹkan bíi €5,000 mìíràn nìyẹn lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí.