Ọkọ̀ Sienna Wa Kò Yéé Gbóná: Ṣé Kí A Tà Á Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ènìyàn méje ni wá nínú ìdílé wa ní Ìbàdàn, ọkọ̀ Sienna tòkunbọ̀ ti ọdún 2005 ni a sì fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń lọ wo ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ̀ yìí ti máa ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́kọ́ jóná, a pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ ó tún jóná, a tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, mẹkáníìkì wa ní ẹ́ńjìnnì ti kú, a sì yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù. Ní báyìí, èyí tí a rà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, jíà sì ń pẹ́ kí ó tó wọlé ní òwúrọ̀. Mẹkáníìkì náà, tí òun àti ọkọ mi jọ wà nínú ìjọ kan náà, ní kí a lọ ra jíà. Owó tí a ti ná sórí ọkọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí a rà á. Ọkọ mi fẹ́ kí a ra jíà, èmi fẹ́ kí a tà á, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń fa gbólóhùn-asọ̀ láàárín wa. Kí ni kí a ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ta ọkọ̀ náà, ẹ má sì tíì fi kọ́bọ̀ ra jíà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, gáskẹ́ẹ̀tì méjì, odindi ẹ́ńjìnnì kan àti jíà tí wọ́n ń dábàá báyìí, kò sí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ rédíétọ̀, níbi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, wò, tàbí fáànù rẹ̀, tàbí ìdérí rẹ̀, tàbí tẹ́mósítáàtì. Àwọn ohun tí ooru bàjẹ́ ni ẹ ti ń pààrọ̀ láti ọdún mẹ́ta wá. Ohun tí ó ń fa ooru náà ṣì wà níbi tí ó wà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ti ń fi owó yín ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀ràn náà ṣe so kọ́ra, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní ra ohun tí kò nílò. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnnì Sienna, ibi tí gáskẹ́ẹ̀tì, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì jò, wà lábẹ́ rẹ̀, alumíníọ̀mù sì máa ń wọ́ bí ooru bá pọ̀ jù fún un. Bí ó bá ti wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní dúró lórí rẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ojúlówó tó, àyàfi bí wọ́n bá gbé orí náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin kí ó tún lè tẹ́jú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà ni tiyín, orí méjì ni ó sì ní: ọ̀kan kọjú sí rédíétọ̀, ìkejì wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Mẹkáníìkì tí ó ń kánjú lè ṣí ti iwájú nìkan, kí ó fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ó sì sọ pé òun ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín èwo ni ó ṣí nínú méjèèjì, bóyá ó sì gbé wọn lọ fá.

Ẹ sọ pé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ọkọ̀ náà ti máa ń gbóná. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn wúlò ju gbogbo ìyókù lẹ́tà yín lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá há sí Iwo Road ní ìrọ̀lẹ́, fáànù nìkan ni ó kù tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ń gbóná níbi tí ó dúró sí, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bí ó bá ti ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú fíúùsì, rílè àti wáyà tí ó so mọ́ ọn. Èyí tí ó ń gbóná lórí eré tàbí nígbà tí ó bá ń gun òkè ni a máa ń wo rédíétọ̀ tí ó ti dí tàbí wọ́tà pọ́ǹpù tí ń ti omi yí inú ẹ́ńjìnnì ká fún. Fáànù méjì ni ó wà ní iwájú Sienna, bí ọ̀kan bá sì ti kú, ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa kò ní mọ̀, nítorí yóò máa gbọ́ ariwo èkejì. Ẹ tan ọkọ̀ náà, ẹ tan èésì rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé àwọn méjèèjì ń yí. Èyí kò ná yín ní nǹkan kan.

Àṣà kan wà láàárín ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa tí ó máa ń dùn mí púpọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì jù nù, wọ́n á ní ilẹ̀ òyìnbó tí ó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é láti fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ti irú ọkọ̀ yín máa ń ṣí ní nǹkan bí 82°C. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, yóò sì máa da epo sí i ju bí ó ti yẹ lọ, epo tí gbogbo wa mọ iye tí a ń rà á láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà yóò tètè dọ̀tí. Bí ó bá sì jẹ́ pé fáànù ni ó kú, yíyọ tẹ́mósítáàtì kò wo nǹkan kan sàn.

Omi lásán tí a ń bù sínú rédíétọ̀ ni ìkejì rẹ̀. Omi lásán máa ń hó ní 100°C, ṣùgbọ́n bí a bá po kúláǹtì, ìyẹn omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, mọ́ ọn ní ìdajì-ìdajì, tí ìdérí rédíétọ̀ sì ń di afẹ́fẹ́ mú bí ó ti yẹ, yóò kọjá 120°C kí ó tó hó. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga tún máa ń mú irin dípẹtà láti inú, ìpẹtà náà ni ó sì máa ń dí àwọn ihò tóóró inú rédíétọ̀. Pípààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó kò wọ́n rárá ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ìbàdàn, síbẹ̀ mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ nígbà tí ìdérí yẹn nìkan ni ó ń jò.

Ní ti ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù tí ẹ rà, bí wọ́n bá gbé e sórí rédíétọ̀ àtijọ́, pẹ̀lú fáànù àtijọ́ àti omi lásán, inú ìyà tí ó pa ti àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé e sí. Ẹ tún béèrè nípa bẹ́líìtì táímìnnì rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìbámu. Ẹ́ńjìnnì onílítà 3.3 tí ó wà nínú Sienna ọdún 2004 sí 2006 ń lo bẹ́líìtì táímìnnì, bẹ́líìtì náà ni ó sì ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. Nǹkan bí 90,000 máìlì, èyí tí ó jẹ́ bí 145,000 kìlómítà, ni wọ́n ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí sọ iye tí ẹ́ńjìnnì tí a rà lọ́jà ti rìn, nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù náà kí wọ́n tó gbé e wọlé. Bí wọn kò bá ṣe é nígbà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é báyìí.

Ó wá ku jíà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Páìpù kan wà tí ó ń gbé ọ́ìlì jíà lọ sínú rédíétọ̀, kí ó lè tutù níbẹ̀ kí ó tó padà. Ògiri irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pín ọ́ìlì yẹn àti omi níyà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ògiri náà lu, omi yóò wọ inú jíà, àwọn awo inú jíà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Àní bí ògiri náà kò tíì lu, ooru nìkan tó láti ba ọ́ìlì jíà jẹ́. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, kí ẹ fi nù ún sórí aṣọ funfun. Bí ọ́ìlì náà bá pupa tí ó sì mọ́, inú mi dùn sí i. Bí ó bá ti dúdú tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ, kí ẹ sì wo ìyàtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ jíà. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí ìgbà tí a da mílíìkì sínú sóbò, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́, nítorí bí ẹ bá ra jíà mìíràn tí ẹ sì so ó mọ́ rédíétọ̀ yìí kan náà, òun náà yóò kú.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fún, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó àtúnṣe, kí ó sì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò ní jèrè nínú jíà tí ẹ bá rà. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ojú ihò tí a ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì gan-an, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ atọ́ka ń júwe nìkan. Kí wọ́n fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀ láti mọ ibi tí ó ń jò. Kí wọ́n tún lo ohun èlò kan tí omi aláwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀, tí a máa ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀: bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì bá ń wọ inú omi, búlúù náà yóò yí padà di yẹ́lò, a ó sì mọ̀ pé gáskẹ́ẹ̀tì ti tún jóná. Ẹni tí kò bá ní àwọn ohun èlò wọ̀nyí lè jẹ́ ọlọ́wọ́ rere nídìí títú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò sọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ yín.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé omi kò wọ inú jíà, tí gáskẹ́ẹ̀tì sì dára, èrò tèmi ni pé kí ẹ tọ́jú ọkọ̀ náà. Rédíétọ̀, fáànù, tẹ́mósítáàtì, ìdérí, àwọn páìpù rọ́bà àti kúláǹtì, bí ẹ bá pa gbogbo wọn pọ̀, wọn kò ní tó owó tí ẹ ó fi kún iye tí ẹ bá ta èyí kí ẹ tó rí ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méje mìíràn, pàápàá láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023. Ọkọ̀ tí ẹ bá sì rà náà yóò ní tirẹ̀ lára tí ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú jíà tí gáskẹ́ẹ̀tì sì tún ti jóná, èrò tiyín ni mo gbè sí: ẹ tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ ta ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ń ṣe é fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jókòó sínú rẹ̀.

Ní ti mẹkáníìkì yín, n kò ní kí ẹ bá a jà. Kí baálé yín pè é jókòó, kí wọ́n béèrè àwọn ohun tí ó ti pààrọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, kí ó máa kọ iṣẹ́ tí ó bá ṣe àti iye rẹ̀ sórí ìwé, kí ó sì máa dá ògbólógbòó ẹ̀yà tí ó bá yọ padà fún yín. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí ó péye, àjọ FCCPC tí ń rí sí òfin náà sì wà láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ jákujàku fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì kò ní ohun tí yóò gbé síwájú wọn. Ìwé kíkọ yìí kò túmọ̀ sí pé ẹ kò fọkàn tán arákùnrin náà.

Kí ẹ tó rí gbogbo rẹ̀ ṣe, bí ọwọ́ atọ́ka ooru bá ti ń gòkè, ẹ pa èésì, ẹ tan ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ dé ìparí, kí ẹ sì wá ibi dúró kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkísà ṣí rédíétọ̀ náà ní gbígbóná. Ooru inú rẹ̀ ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú àti lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ fi Sienna ọdún 2008 tí èmi àti aya mi ń lò ránṣẹ́ sí àwọn òbí mi ní Abẹ́òkúta, n kò sì fẹ́ kí ó di ìnáwó sí wọn lọ́rùn. Kí ni kí n ṣe sí i kí n tó gbé e sọ́kọ̀ ojú omi? (Ọmọ Ẹ̀gbá, Maryland)

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ bá lè ṣe níbẹ̀, ẹ ṣe é níbẹ̀. Ẹ lọ sí ojúlé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà tí ó ní lẹ́tà àti òǹkà 17, ẹ ó sì rí i bí àtúnṣe kan tí ilé iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ padà fún bá wà tí wọn kò tíì ṣe lára rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é fún yín lọ́dọ̀ àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2010, Toyota pe Sienna ọdún 1998 sí 2010 padà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́, nítorí iyọ̀ ojú títì lè jẹ okùn irin tí ó gbé táyà ìpamọ́ dúró lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé tiyín sókè kí wọ́n sì wo abẹ́ rẹ̀, pàápàá àwọn páìpù bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì onílítà 3.5 tí ó wà nínú rẹ̀ ń lo ṣéènì dípò bẹ́líìtì táímìnnì, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, páìpù kan tí ń gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní apá kan tí ó jẹ́ rọ́bà tí ó lè bẹ́ lójijì. Èyí tí ó jẹ́ irin láti òkè dé ilẹ̀ ti wà, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ bí kò bá tíì kúrò ní èyí tí ó bá ọkọ̀ náà wá, kí ẹ sì fi gálọ́ọ̀nù kúláǹtì mélòó kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ náà, kí bàbá yín lè fi han mẹkáníìkì tí ó bá fẹ́ bu omi kànga sí i.