Ewé Artemisia àti oògùn ibà: ẹ bi wá, a ó dá yín lóhùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ra ewé Artemisia gbígbẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á fún mi ní òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣe oògùn ibà tó wà ní kẹ́míìsì, pé bí mo bá ti ń sè é fún àwọn ọmọ mi, kò sí ohun tí a tún fẹ́ fi oògùn òyìnbó ṣe. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Mà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn, àmọ́ ibi tó parí rẹ̀ sí léwu fún ọmọdé.

Inú ewé Artemisia annua, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní qinghao, ni èròjà artemisinin ti wá. Ge Hong, oníṣègùn ará Ṣáínà àtijọ́, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn pé kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu oje rẹ̀. Kò ní kí a sè é. Ohun tó ta Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, lólobó nìyẹn ní Beijing, nígbà tí oje ewé tí wọ́n ń dán wò ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó fura pé iná ló ń ba èròjà náà jẹ́, ló bá fi ether yọ ọ́, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan tó máa ń hó ní nǹkan bí dígírì 35 péré. Ní oṣù Kẹwàá 1971, oje tuntun náà pa gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára àwọn eku. Wọ́n ya artemisinin sọ́tọ̀ ní 1972, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ọ́síjìn méjì ló so mọ́ra nínú èròjà yìí. Kòkòrò ibà máa ń jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, irin inú ẹ̀jẹ̀ sì ń kó jọ sí i lára. Bí artemisinin bá pàdé irin yìí, ìsopọ̀ náà á já, ohun tó bá já sí á sì máa ba kòkòrò náà jẹ́ látinú.

Níbo wá ni tíì ti kùnà? Artemisinin kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Àwọn olùwádìí kan ní Jámánì fi 9 gíráàmù ewé gbígbẹ ṣe lítà tíì kan: 94.5 mílígíráàmù ni wọ́n bá nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí àgbàlagbà ń lò lójúmọ́. Ewé oko kan sì lè ní i dáadáa, kí ti oko kejì má fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan. Kíkorò kì í ṣe ẹ̀rí. Ewúro náà korò. Ara ọmọ á tutù, ẹ ó rò pé ó ti bọ́, àmọ́ àwọn kòkòrò tó ṣẹ́kù á tún pọ̀ sí i, ibà á sì padà wá. Ìdíwọ̀n tí kò tó yìí náà ló ń kọ́ kòkòrò bó ṣe máa borí oògùn. Ẹ rántí chloroquine: ní 2005 ni Nàìjíríà fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́lò fún ibà, nítorí pé kò rí kòkòrò náà pa mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí ewé tàbí tíì Artemisia fún ibà.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún mi ní artemether-lumefantrine. Ara mi yá ní ọjọ́ kejì. Ṣé mo lè tọ́jú ìyókù? Ọ̀rẹ́ mi tún ní ikùn òfìfo ló dára jù láti fi lò ó. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Rárá sí méjèèjì, Sà. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan náà. Artemether, tí wọ́n fi artemisinin ṣe, ń pa kòkòrò kíákíá, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láti gbá èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìlò rẹ̀: àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ìkejì lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ oníhóró 20/120 (mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine), ẹni tó wọn kílò 35 sókè ń lo mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan; kílò 25 sí 34, mẹ́ta; 15 sí 24, méjì; 5 sí 14, ẹyọ kan. Ẹ wo ara páálí dáadáa, torí pé hóró 80/480 kan ṣoṣo dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rin wọ̀nyẹn.

Ọ̀rá ni lumefantrine ń bá wọ ara. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè mú kí èyí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ju ti ikùn òfìfo lọ. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín elépo tàbí mílíìkì dára. Ẹ̀kọ lásán kò tó. Fún ọmọ ọwọ́, ọmú ìyá ní ọ̀rá. Bí ẹ bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ lo iye kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì padà sí kẹ́míìsì fún àfikún, torí pé ti inú páálí kò ní pé mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Oyún ìyàwó mi kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ṣé ó lè lo artemether-lumefantrine? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Láti oṣù Kọkànlá 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí artemether-lumefantrine fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún. Kí ìyàwó yín kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn lóyún. Bí wọ́n bá ń bì láìdáwọ́ dúró, tí gìrì mú wọn, tàbí tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ artesunate, tí wọ́n tún fi artemisinin ṣe, ni wọn yóò nílò.