Báwo ni iléeṣẹ́ ìròyìn STA ní Slovenia, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, kò ṣe kógbá sílé nígbà tí ìjọba dá owó rẹ̀ dúró lọ́dún 2021?

Owó àwọn oníbàárà tó ń ra ìròyìn rẹ̀ àti èyí tí aráàlú dá jọ ni STA ń ná, títí ìjọba fi tún bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Ìjọba ló ni STA, láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Òfin ní kí ìjọba máa sanwó iṣẹ́ tó ń ṣe fún aráàlú, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 yúrò lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tó ń wọlé fún un. Ìyókù ń wá látọ̀dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èèyàn mílíọ̀nù 2 péré ló wà ní Slovenia, ọjà ìpolówó ibẹ̀ kò tóbi, nítorí náà àlàfo tí owó ìjọba bá fi sílẹ̀ kì í tètè dí.

Ìjọba Janez Janša, olórí ìjọba Slovenia nígbà náà, ní STA kọ̀ láti kó ìwé tí àwọn béèrè sílẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ní ọ̀nà àtidarí ìròyìn ni. Ó ṣe tán, lọ́dún 2020, Janša ti ráhùn lórí Twitter pé STA kọ̀wé nípa Zlatko, olórin ráápù, ju ìpàdé òun pẹ̀lú Viktor Orbán, olórí ìjọba Hungary nígbà náà, lọ. Ọ̀gá STA, Bojan Veselinovič, fipò sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú.

Ti RTV Slovenija, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n aráàlú, yàtọ̀: owó oṣooṣù tí àwọn ìdílé ń san ló pọ̀ jù nínú owó tirẹ̀.