Búrọ́ọ̀ṣì Wo Ló Yẹ Ajá Onírun Kúkúrú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú ajá wa. Ọmọ mi ra ọmọ ajá Boerboel kan wálé, ó ti di géńdé ajá báyìí, Bingo là ń pè é. Irun rẹ̀ kúkúrú, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n sórí àga àti yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ. Ẹnì kan ní ọjà ta búrọ́ọ̀ṣì onírin fún mi, ó ní kò sí ajá tí kò bá a mu. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, ikùn Bingo ń pọ́n, bó bá sì ti rí i lọ́wọ́ mi, abẹ́ mọ́tò ló ń sá wọ̀. Àwọn aládùúgbò ní ajá onírun kúkúrú kò nílò búrọ́ọ̀ṣì kankan. Kí ni kí n rà gan-an? Èékánná rẹ̀ náà ti ń dún kò-kò-kò lórí táìlì. – Ìyá oníṣòwò, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú Bingo. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin yẹn jù sápá kan. Ajá tí irun rẹ̀ gùn tó ń ta kókó ni wọ́n ṣe é fún, kí eyín irin lè la inú irun náà já. Lára Boerboel, kò sí nǹkan kan tó dí irin lọ́nà kó tó kan awọ, awọ ikùn àti ti abẹ́ itan ló sì fẹ́lẹ́ jù. Nígbà mìíràn, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi eyín búrọ́ọ̀ṣì họ abẹ́ apá ara yín. Bó bá ta yín, yóò ta ajá.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò kò tọ̀nà. Irun kúkúrú náà ń kú, ó ń já, ó sì ń le kankan débi pé ó ń gún aṣọ wọlé ju irun gígùn lọ. Rọ́bà ló mọ bí a ṣe ń kó o. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tí a ń kì bọ ọwọ́, tí eyín rẹ̀ kúkúrú tó sì rọ̀. Ẹ máa fi yípo yípo lára Bingo nígbà tí ara rẹ̀ bá gbẹ, láti ọrùn lọ sí ìdí, níta gbangba. Irun tó ti kú á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, èyí tó ṣì wà láàyè á dúró síbi tó wà. Bí ẹ kò bá rí i rà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ìfọwo tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní kókó kéékèèké á ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Mo ti lò ó lára ajá púpọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí. Lẹ́yìn rọ́bà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tẹ̀ lé e síbi tí irun dà sí, kí òróró ara rẹ̀ lè tàn ká. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ti ajá Rottweiler yàtọ̀ díẹ̀ o: irun rẹ̀ kúkúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní òmíràn tó rọ̀ lábẹ́, ó sì ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ ìgẹrun fún yín pé ooru ń mú ajá. Irun yẹn ló ń bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Owó tí ẹ kò ná síbẹ̀, ẹ fi ra ohun ìgé èékánná ajá, èyí tó dà bí ẹ̀mú tó ní sípíríǹgì, tó tóbi tó fún ẹsẹ̀ Boerboel. Ti ènìyàn kò dáa, ńṣe ló ń tẹ èékánná ajá fọ́. Bí èékánná Bingo bá dúdú, ẹ kò ní rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gé e. Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: bí àmì róbótó kan bá ti yọ láàárín, ẹ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ojú rẹ̀ títí yóò fi dá. Ẹ má gbàgbé èyí tó wà lókè ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ iwájú. Kì í kan ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́ kù. Mo ti rí èyí tó ká wọ inú ẹran.

Ohun kẹta ni ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu tínrín fún eégbọn. Kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án rárá, ẹ fi ọwọ́ lásán wá gbogbo ara rẹ̀: inú etí, abẹ́ okùn ọrùn, abíyá, àárín ọmọ ìka. Ẹ di eégbọn mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kí ẹ fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ, kí ẹ sì jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa. Kẹrosíìnì ni mò ń bẹ̀ yín sí jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa á lára. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn tí wọ́n bá mú ajá tí kẹrosíìnì ti bó lára wá. Eégbọn ń kó àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí ara Bingo bá gbóná, tí kò jẹun, tí erìgì rẹ̀ sì funfun, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹ bá sì rí kókó tó dà bí eéwo tó ní ihò lórí, ìdin ló wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yọ ọ́.

Ní ti ẹ̀rù tó ń ba Bingo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fi kàn. Ẹ fi ikùn sílẹ̀ títí pípọ́n rẹ̀ yóò fi lọ. Bí kò bá lọ, dókítà ni kó wò ó. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ ẹ́, ọṣẹ ajá ni kí ẹ lò.

Ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má yá aládùúgbò lò fún ajá tirẹ̀, nítorí làpálàpá ń tara búrọ́ọ̀ṣì ran ajá, ó sì ń tara ajá ran àwọn ọmọ.