Ta Ni Kí N Fa Dúdúyẹmí Lé Lọ́wọ́?

Ẹ BI BÀBÁ ỌLỌ́SÌN LÉÈRÈ
Ìbéèrè yín lórí ẹran ọ̀sìn, ìdáhùn láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ẹran tó ti fẹ̀yìntì, Ìpẹru Rẹ́mọ

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń tà ní ọjà Òkè-Àjẹ, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní Èkó, tó máa ń gba ajá tó wà nínú ìyà sílẹ̀, bẹ̀ mí pé kí n bá wọn tọ́jú ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀bá títì Ṣàgámù sí Bẹ́nin ni wọ́n ti rí i, ọkọ̀ ti gbá a, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́yìn ti kán. Àwọn ló sanwó ìtọ́jú àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, èmi ló ń fún un lóúnjẹ. Abo ni, ajá ìbílẹ̀ wa, ó dúdú látòkèdélẹ̀, dókítà ní ó tó ọmọ ọdún méjì. Mo sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti di oṣù báyìí. Ẹsẹ̀ ti san, àmọ́ ó ṣì ń tiro díẹ̀ bí òtútù bá mú. Ó fẹ́ràn ọmọdé, ó máa ń gbó bí àjèjì bá dé ẹnu géètì. Ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀ àti ariwo. Ó sì ti pa adìyẹ aládùúgbò, mo ti sanwó rẹ̀. Onílé ní kí n wá ibi gbé e lọ kí ọdún tó parí. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ajá tó dára, ọ̀fẹ́ ni." N kò sọ ti adìyẹ àti ti ẹsẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ti pè. Ọ̀kan ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ó fẹ́ kó máa ṣọ́ ibi iṣẹ́ òun. Ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Agó-Ìwòyè, ó ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta kò béèrè ohun kan ju bó ṣe sanra tó, ó ní òun lè wá gbé e lálẹ́. Ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́? Ṣé dandan ni kí n sọ àléébù rẹ̀? Àti pé, Bàbá, bí mo bá ti rò ó pé ó máa lọ, ṣe ni omi ń bọ́ lójú mi.
Alágbàtọ́ ajá, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú, o kú àánú. Kó o tó ṣe ohunkóhun, pe ẹgbẹ́ tó fi ajá sọ́dọ̀ rẹ. Àwọn ló ni í, ìwọ ń bá wọn tọ́jú ni, ohùn yín gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò gbà á. Nínú àwọn mẹ́ta tó pè yìí, má fà á lé ẹnì kankan lọ́wọ́ báyìí.

Ẹni tó fẹ́ wá lálẹ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá ajá gbé máa béèrè orúkọ rẹ̀, yóò béèrè ohun tó ń jẹ àti bóyá ó máa ń bu èèyàn jẹ. Ẹni tí kò béèrè ju ìsanra lọ, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ló ń sọ, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ fi bọ Ògún. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ tàbí ohun tó ń bọ. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ajá yìí lẹ́nu ikú, wọ́n sì fi sí ìkáwọ́ rẹ. Sọ fún ọkùnrin náà pé rárá, má bá a jiyàn, má sì júwe ilé fún un. "Ọ̀fẹ́" tí o kọ yẹn ló fà á wá. Pa á rẹ́ lónìí. Mi ò ní kó o ta ajá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, kó sanwó abẹ́rẹ́ tó kàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì lójú rẹ. Ẹni tó fẹ́ sè é kò ní dúró gba káàdì.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo gbà pé ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi ńkọ́? Bí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ní láti padà sílé, ṣé àwọn òbí rẹ̀ ń fẹ́ ajá? Bí wọ́n bá gbé e lọ sí òkè Ọya láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ta ni yóò máa tọ́jú Dúdúyẹmí? Ọmọ ọdún méjì ni ajá yìí, tí wọ́n bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 10 sí i láyé. Mo ti rí ajá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, tó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá kan sí òmíràn, tó ń wá olówó rẹ̀. Bí ìyá tàbí bàbá ọmọ náà bá fẹnu ara wọn sọ fún ọ pé ilé àwọn ni ajá yóò máa gbé, ìyẹn yàtọ̀, àwọn òbí lo ń fún nìyẹn.

Ti oníbúlọ́ọ̀kù kò ní àríyànjiyàn. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń dún láti àárọ̀ dalẹ́, ajá rẹ sì ń bẹ̀rù ariwo.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ kejì ló ká mi lára jù. Dandan ni. Sọ ti adìyẹ, sọ ti ẹsẹ̀, sọ ti ìgbálẹ̀. Láàárín Ṣàgámù àti Ìṣarà tí mo ti ṣiṣẹ́, ohun tí wọn kò sọ fún ẹni tó gba ajá ló sábà máa ń lé ajá padà sójú títì. Ẹni tó ń sin adìyẹ yóò gba ajá tó ń pa adìyẹ láìmọ̀. Kò ní pẹ́ tó máa fi lu ajá, tó bá yá, á tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Lójú tirẹ̀, wọ́n rẹ́ òun jẹ ni, mi ò sì lè dá a lẹ́bi tán. Bó o bá sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ yóò yí ẹ̀yìn padà. Jẹ́ kí wọ́n yí i padà. Ẹni tó gbọ́ pé ó ń tiro, tó gbọ́ pé ó ń pa adìyẹ, tó sì tún ní "Ìgbà wo ni mo lè wá wò ó?", ẹni tó ò ń wá nìyẹn.

Bí èmi bá ni, ohun tí màá kọ nìyí:

"Dúdúyẹmí ń wá ilé. Abo ajá ìbílẹ̀ ni, dúdú, ó tó ọmọ ọdún méjì. Ó fẹ́ràn ọmọdé, ó máa ń gbó bí àjèjì bá dé ẹnu géètì. Ọkọ̀ ti gbá a rí, ẹsẹ̀ ti san, ó ń tiro díẹ̀ nígbà òtútù. Ó ń pa adìyẹ, kò lè gbé ilé tí adìyẹ ti ń jẹ̀ kiri. Ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀ àti ariwo ńlá. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, káàdì rẹ̀ wà. A ó wá wo ilé yín kí a tó gbé e wá."

Tún fọ́tò yà. Ajá dúdú tí a yà nínú ilé máa ń dà bí òjìji lásán, ojú rẹ̀ kì í hàn. Gbé e síta ní àárọ̀ tí oòrùn kò tíì le, so aṣọ aláwọ̀ pupa tàbí ìyeyè mọ́ ọn lọ́rùn, kó o wá lóṣòó kí fóònù rẹ bá ojú rẹ̀ mu. Jẹ́ kí ọmọdé kan dúró tì í, bí ìyá ọmọ bá gbà.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ajá ìbílẹ̀ ni, pé ta ni ń wá irú ẹ̀. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ajá òyìnbó onírun púpọ̀ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ ní oṣù Kẹta níbí, tiwa á nà sábẹ́ igi, ara á tù ú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ àbùdá ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n sì rí àmì pé ó ti bá àwọn kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru yìí jà pẹ́ títí ara rẹ̀ fi mọ̀ wọ́n lójú. Sọ ìyẹn fún wọn.

Níbo lo ti máa rí ẹni gidi? Lọ bá dókítà ẹran tó ń fún ajá lábẹ́rẹ́ ní àdúgbò yín, kó o béèrè bóyá ó mọ ẹni tí ajá rẹ̀ dàgbà títí tó fi kú láìpẹ́ yìí. Ẹni tó ń sanwó abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, tí ajá rẹ̀ fi darúgbó, ti fi ìwà rẹ̀ hàn kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Dókítà lè má fún ọ ní nọ́ńbà onítọ̀hún, àmọ́ ó lè bá ọ fi fọ́tò Dúdúyẹmí hàn án.

Bí ẹnì kan bá yọjú, jẹ́ kó kọ́kọ́ wá bá ajá ṣeré lọ́dọ̀ rẹ, kí ìwọ náà tó lọ wo ilé rẹ̀ lójú mọmọ, kó o sì mú ẹnì kan dání. Wo ọgbà, ṣé ó ní odi, ṣé géètì ń tì? Béèrè ibi tí ajá máa sùn tí òjò bá ń rọ̀, béèrè ẹni tó máa fún un lóúnjẹ bí onílé bá lọ Èkó. Bí ó bá jẹ́ ayálégbé, bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ náà ti rí ohun tí onílé ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ ilé mùsùlùmí, má torí ìyẹn sá. Ọ̀pọ̀ Alájì ní Ìjẹ̀bú ló ní ajá tó ń ṣọ́ ọgbà wọn. Wọn kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìkírun, nítorí náà ìta ni ilé ajá máa wà. Ìwọ lo mọ̀ bóyá Dúdúyẹmí lè sùn níta láì sunkún mọ́jú. Bí ilé náà bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, béèrè ibi tí wọ́n máa tì í mọ́ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìbọn bá ń dún ní Ojúde Ọba. Ajá tó ń bẹ̀rù ariwo lè fo odi lọ́jọ́ náà, kó má mọ ọ̀nà ilé mọ́. Torí èyí náà ni mo ṣe fẹ́ kó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ kí oṣù Kejìlá tó dé pẹ̀lú bánńgà rẹ̀.

Bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Abo ajá máa ń wá akọ bí ìgbà méjì lọ́dún, oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, àwọn ọmọ tó bá sì bí, ojú títì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa padà sí. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe é nítòsí yín, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, fi àpò tó ń sùn lé ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láìfọ̀ ọ́, kó lè máa gbóòórùn ibi tó ti wá. Ẹ fọwọ́ sí ìwé pé bí nǹkan bá yí padà, ẹ̀yin ni ẹni tó gbà á yóò kọ́kọ́ pè, kò ní fún ẹlòmíràn. Ní ti omi ojú rẹ, jẹ́ kó bọ́. O tọ́jú ẹ̀dá tí kò lè sọ "ẹ ṣé", ó sì máa dùn ọ́ bó bá ń lọ. Má ṣe tìtorí ẹ̀dùn ọkàn yẹn yára fà á lé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lọ́wọ́, kó o lè bọ́ nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wà. Mo gba ajá kan lọ́wọ́ alágbàtọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Láti ìgbà tó ti dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, kò fẹ́ jẹun. Ní àná, ọmọ mi ọkùnrin fà á lẹ́sẹ̀ kó lè jáde, ló bá bù ú jẹ lọ́wọ́. Kò jìn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló yọ. Ìyàwó mi fi epo pupa sí i. Ṣé kí n dá ajá padà?
Bàbá Tóyìn

ÌDÁHÙN: Bàbá Tóyìn, ọmọ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, ajá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ tó ka èyí ni mo ti ní kí wọ́n pè yín lórí fóònù, mo wá ń kọ ọ́ síbí nítorí àwọn tó kù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ata tàbí àgbo sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí egbò náà bá tilẹ̀ kéré, kí dókítà sọ bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bí àmì àìsàn yìí bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidi kí a tó rí ẹni tó yè é. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá tètè dé, ó ń gbani là: ní 1885, ní Paris, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur mú kí wọ́n fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ní irú abẹ́rẹ́ yìí, ọmọ náà sì yè. Ọjọ́ tí Pasteur kú, 28 oṣù Kẹsàn-án, ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé.

Ẹ gba káàdì ajá lọ́wọ́ alágbàtọ́, kí ẹ mú un lọ fún dókítà. Ẹ má pa ajá, ẹ má sì lé e síta. Ẹ tì í mọ́ ibi kan fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran máa wò ó. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà, bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí kò lè gbé omi mì, ẹ pe dókítà ẹran àti ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá yá gágá lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ̀rù lásán ló ń bà á lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta díwọ̀n rẹ̀: ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ jìnnìjìnnì ń bò ó, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti mọ aago oúnjẹ, ní oṣù mẹ́ta ó ti mọ̀ pé ilé òun nìyẹn. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ tó mọ̀ sítòsí rẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún Tóyìn àti àbúrò rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fà á mọ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò jáde.